Disney World ní Orlando: Ibi Tí Owó Ìdílé Ń Gbà Jò, àti Bí Ẹ Ṣe Lè Dí I

Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé oúnjẹ àti aṣọ Mickey ló ń gbówó lọ́wọ́ ẹni ní Walt Disney World, ọgbà eré ńlá ní Amẹ́ríkà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ yàn láti lọ, iye ọjọ́ tí ẹ lò níbẹ̀, àti owó tí ẹ san kí ẹ má baà tò sórí ìlà gígùn, àwọn ló ń jẹ owó jù. Ẹni tó bá ti yanjú wọn láti ilé lè ra ice cream fún ọmọ láì yẹ àpò wò.

Ìdájọ́ wa rèé kí a tó lọ jìnnà. Fún ọmọ ọdún márùn-ún sí mọ́kànlá, ibẹ̀ tó owó tí wọ́n ń gbà, bí ẹ bá lọ ní ọ̀sẹ̀ tí èrò kò pọ̀, tí ẹ lo ọjọ́ mẹ́rin, tí ẹ sì kọ ìdajì ohun tí wọ́n máa fẹ́ tà fún yín. Fún ọmọ ọdún méjì, ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ sí i. Lóòótọ́, ọ̀fẹ́ ló ń wọlé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin kò wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì ní rántí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọgbà mẹ́rin ló wà lórí ilẹ̀ náà, nítòsí Orlando ní Florida: Magic Kingdom tí wọ́n ṣí ní 1971, EPCOT ní 1982, Hollywood Studios ní 1989, àti Animal Kingdom ní 1998. Ọgbà kan, ọjọ́ kan ni tíkẹ́ẹ̀tì lásán. Èyí tí wọ́n ń pè ní Park Hopper, tó ń jẹ́ kí ẹ lọ sí ju ọgbà kan lọ lójúmọ́, owó lọ́tọ̀ ni. Ìdílé tó ní ọmọ kékeré kò nílò rẹ̀: wákàtí tí ẹ máa fi wọ bọ́ọ̀sì láti ọgbà kan sí èkejì, ẹ lè fi ṣe eré méjì.

Láti ọdún 2018, ọjọ́ tí èèyàn fẹ́ wọlé ni wọ́n fi ń díye lé tíkẹ́ẹ̀tì. Tíkẹ́ẹ̀tì àgbà fún ọjọ́ kan ṣoṣo lè jẹ́ $119 nígbà tí èrò kò sí, kó sì tó nǹkan bí $200 ní Magic Kingdom lásìkò Kérésìmesì. Owó orí ìjọba, 6.5%, kò tíì sí nínú iye yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó dára jù ni èyí tó bọ́ sí àárín ìsinmi Martin Luther King ní Oṣù Kìíní àti ìsinmi Presidents' Day ní Oṣù Kejì. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Thanksgiving, ọjọ́ ìdúpẹ́ Amẹ́ríkà ní ìparí Oṣù Kọkànlá, títí dé nǹkan bí ọjọ́ kejìlá Oṣù Kejìlá. Oṣù Kẹsàn-án náà dín owó, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà: oòrùn Florida lásìkò yẹn kì í ṣeré, òjò máa ń rọ̀ ní ọ̀sán, ìgbà ìjì hurricane sì ni. Ẹ sá fún ọ̀sẹ̀ Àjíǹde. Ẹ sá fún àárín Kérésìmesì sí ọdún tuntun pátápátá. Owó pọ̀ nígbà náà, ìlà sì gùn, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ń sanwó nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ọmọ máa ń da àwọn òbí láàmú. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ọ̀fẹ́. Láti ọdún mẹ́ta sí mẹ́sàn-án, tíkẹ́ẹ̀tì ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ti di àgbà lójú wọn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìdajì owó ni ti ọmọdé o: dọ́là díẹ̀ péré ni wọ́n fi dín sí ti àgbà. Nítorí náà, bí ẹ bá ní ọmọ tó máa pé ọdún mẹ́ta láìpẹ́, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti tó lọ, ẹ lọ kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó pé.

Bí ọjọ́ inú tíkẹ́ẹ̀tì bá ṣe ń pọ̀ ni iye tí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ ṣe ń dín. Láti ọjọ́ kẹrin lọ, àfikún kì í pọ̀ mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Wọn á ní ọjọ́ kẹfà kò ju owó díẹ̀ lọ, wọn kò ní rán yín létí pé ọjọ́ kẹfà ní owó yàrá, oúnjẹ àti àárẹ̀ tirẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin tó. Bí àwọn ọmọ kò bá tíì pé mẹ́jọ, ẹ fi ọjọ́ méjì sí Magic Kingdom, kí ẹ fi EPCOT tàbí Animal Kingdom sílẹ̀ fún ìgbà mìíràn. Animal Kingdom kò gba odindi ọjọ́: ẹni tó bá débẹ̀ ní ìdájí á ti ṣe tán ní aago méjì ọ̀sán.

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì àlòkù. Ẹ máa rí àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì ní Kissimmee, ìlú tó wà nítòsí, àti ní International Drive, títì ńlá kan ní Orlando, pé ọjọ́ méjì ṣì kù lórí rẹ̀. Wọ́n máa ń yẹ ìka ọwọ́ wò lẹ́nu ọ̀nà, tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan ti lò kì í sì ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Aláṣẹ tó ń tà á ní ẹ̀dínwó tòótọ́ wà. Undercover Tourist wà lára wọn, dọ́là díẹ̀ sì ni ẹ máa rí jẹ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń gbé ní Amẹ́ríkà lè máa ra gift card Disney díẹ̀díẹ̀ ní Target pẹ̀lú káàdì ilé ìtajà náà, tó ń yọ 5%, bí ẹni ń sọ owó sínú kóló. Káàdì yẹn lẹ máa fi san owó yàrá àti tíkẹ́ẹ̀tì.

Ti àwọn tó ń bọ̀ láti London tàbí Manchester yàtọ̀. Disney ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ 14 fún àwọn ará Britain, Park Hopper, ọgbà eré omi (water park) àti fọ́tò Memory Maker ti wà nínú rẹ̀. Láti Britain ni kí ẹ ti rà á. Ẹ fi owó ESTA, ìyọ̀ǹda láti wọ Amẹ́ríkà láìsí físà, kún ìṣirò: nǹkan bí $40 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan láti òpin Oṣù Kẹsàn-án 2025, ọmọ ọwọ́ pàápàá ń san. Ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà, kí físà kọ́kọ́ wà nínú ìwé ìrìnnà kí ó tó san kọ́bọ̀ fún tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí wọn kì í dá owó tíkẹ́ẹ̀tì tí èèyàn rà láìsí yàrá padà.

Ó kan ibi tí ẹ máa sùn. Hòtẹ́ẹ̀lì tó rọjú jù nínú ti Disney ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Value: All-Star Movies, All-Star Music, All-Star Sports, Pop Century àti Art of Animation. Yàrá wọn lásán kò gbà ju èèyàn mẹ́rin lọ, ẹ lè fi ọmọ tí kò tíì pé mẹ́ta kún un. Tí ẹ bá jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, All-Star Music ní yàrá ńlá tó gba mẹ́fà, tó ní microwave. Kí ẹ tó sọ pé hòtẹ́ẹ̀lì ìta dín owó, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì ìta máa ń gba resort fee, owó àfikún lórí yàrá, lálaalẹ́, ọ̀pọ̀ ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí, ẹ óò sì tún san owó lójúmọ́ láti gbọ́kọ̀ sí ẹnu ọgbà. Ẹni tó sùn sí ti Disney kì í san èyíkéyìí nínú wọn, ó ń wọlé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú àwọn yòókù, ó sì ń wọ ọgbà eré omi lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tó bá dé. Nínú Value, Pop Century la máa ń yàn. Ọkọ̀ orí okùn, Skyliner, ń gbé èèyàn láti ibẹ̀ lọ sí EPCOT àti Hollywood Studios lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí àwọn All-Star kò ní ju bọ́ọ̀sì lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló lè borí ìṣirò yìí: bí ẹ bá pọ̀. Bí màmá àgbà àti ìdílé méjì bá jọ ń lọ, ilé háyà ní Kissimmee tó ní yàrá mẹ́rin àti kíṣìnì á dín owó gan-an. Ẹ á sè é bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Ọkọ̀ háyà di dandan nígbà náà, kí ẹ sì mọ̀ pé ibi ìgbọ́kọ̀sí Magic Kingdom kò sí lẹ́nu ọgbà gan-an: ẹ máa gbọ́kọ̀ sílẹ̀, kí ẹ tún wọ monorail tàbí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ fi ìṣẹ́jú 45 sílẹ̀ fún un. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ Disney láti pápákọ̀ òfúrufú ti dópin láti ìbẹ̀rẹ̀ 2022. Ẹni tí kò bá háyà ọkọ̀ á wọ bọ́ọ̀sì olówó tàbí Uber. Fún èèyàn mẹ́rin, Uber ló sábà máa ń dín.

Lightning Lane, ìlà kúkúrú tí ẹ ń sanwó láti wọ̀, gan-an ni ibi tí owó ń gbà lọ. Láti Oṣù Keje 2024 ni Multi Pass, ìwé àṣẹ fún ìlà yìí, ti rọ́pò Genie+ tí wọ́n ń tà tẹ́lẹ̀. Ẹ ń sanwó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ẹ sì ń yan eré mẹ́ta àti àkókò wọn sílẹ̀. Àlejò hòtẹ́ẹ̀lì Disney lè yàn ní ọjọ́ méje ṣáájú, àwọn yòókù ní ọjọ́ mẹ́ta. Eré tó gbajúmọ̀ jù kò sí nínú rẹ̀. Single Pass ni wọ́n fi ń ta ìyẹn, lọ́tọ̀. Iye Multi Pass ń yí pẹ̀lú ọjọ́ àti ọgbà. Ká ní ó jẹ́ $25: èèyàn mẹ́rin, ọjọ́ mẹ́rin, $400 nìyẹn. Ká ní ìgbọ́kọ̀sí jẹ́ $30 lójúmọ́, ẹ fi $120 kún un, àti $124 fún kẹ̀kẹ́ ọmọ oníjòkòó méjì tí ẹ háyà ní $31 lójúmọ́. $644 ti lọ, ẹnikẹ́ni kò tíì jẹun.

Ìmọ̀ràn wa: ẹ ra Multi Pass fún ọjọ́ kan ní Magic Kingdom, ó pọ̀ jù ẹ fi Hollywood Studios kún un. Ẹ má rà á ní Animal Kingdom láé. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà ní ìṣẹ́jú 45 kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, kí ẹ lọ tààrà síbi eré tí ìlà rẹ̀ máa ń gùn jù. Lálẹ́, ẹni tó bá ti wà lórí ìlà kí aago ìtìpa tó lù á ṣe eré náà, bí ó ti wù kí ìlà gùn tó. Ẹ má sì jẹ́ kí Rider Switch kọjá yín, ọ̀fẹ́ ni: bí ọmọ kan kò bá ga tó, bàbá á lọ pẹ̀lú èyí àgbà, ìyá á dúró ti kékeré, lẹ́yìn náà wọn á pààrọ̀ láìtún tò. Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ẹnu ìlà kí ẹ tó wọlé, torí ẹ̀yìn tí ẹ bá ti jáde kò wúlò mọ́.

Ẹ wọn gíga ọmọ láti ilé, pẹ̀lú bàtà tó máa wọ̀. Eré Seven Dwarfs Mine Train àti Slinky Dog Dash ń béèrè ínǹṣì 38, Tiana's Bayou Adventure 40, Space Mountain 44, TRON 48. Wọn kì í bẹ̀ wọ́n o, ẹkún kò sì lè mú kí ọmọ ga. Bí àbúrò àti ẹ̀gbọ́n kò bá tíì tó 40, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kí ẹ ti yọ Multi Pass Hollywood Studios kúrò nínú ètò yín.

Oúnjẹ ni ibi tí wọ́n ti lawọ́ jù, tí àwọn èèyàn wa kì í sì í lò ó. Ẹ lè gbé oúnjẹ yín wọlé, bí kò bá ti ní láti gbóná kí ẹ tó jẹ ẹ́, tí òórùn rẹ̀ kò sì le. Irú àti panla, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Meat pie, ẹyin sísè, ṣin-ṣin, búrẹ́dì àti èso ń wọlé. Ìgò kò gbọdọ̀ wọlé, àfi ìgò kékeré oúnjẹ ọmọ ìkókó. Kúlà kò gbọdọ̀ ju ínǹṣì 24 × 15 × 18 lọ, yìnyín wóróworó kò sì gbọdọ̀ wà nínú rẹ̀. Ice pack ni kí ẹ lò. Ẹ má ra omi. Ẹnu káńtà ilé oúnjẹ wọn tó ń ta ohun mímu, wọn á fún yín ní ife omi tútù lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá béèrè. Oúnjẹ kan lójúmọ́ ni kí ẹ rà, ní ọ̀sán, kí ẹ bèèrè fún un lórí fóònù kí ebi tó mú yín. Aago méjìlá ààbọ̀ ni gbogbo ayé ń bèèrè.

Nǹkan kéékèèké yòókù: ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ tiyín lọ, kó má fẹ̀ ju ínǹṣì 31, kó má gùn ju 52, wagon kò wọlé. Aṣọ òjò rọ́bà, ẹ rà á ní Walmart. Ẹ gbé power bank dání, nítorí app wọn ń mu bátìrì bí omi. Àwọn ayàwòrán inú ọgbà á fi fóònù tiyín ya yín lọ́fẹ̀ẹ́ bí ẹ bá sọ fún wọn, ẹ kò ní láti ra fọ́tò.

Ibì kan wà tí kò gba tíkẹ́ẹ̀tì rárá, tó yẹ ní wíwò: hòtẹ́ẹ̀lì Animal Kingdom Lodge. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ń lọ síbẹ̀ láti Animal Kingdom. Láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ẹ máa rí àgùnfọn àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà tó ń jẹko, nínú gbọ̀ngàn àbáwọlé sì ni Ijele wà, egúngún ńlá àwọn Igbo, tó ga ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 16. Inú ọgbà tí ẹ sanwó fún, Harambe ni wọ́n pe ìlú Áfíríkà wọn, àfinúrò sì ni. Ijele yẹn kì í ṣe àfinúrò.

Tí ẹ bá ra yàrá àti tíkẹ́ẹ̀tì pọ̀, $200 ni àsansílẹ̀, ìyókù á pé kí ó tó ku ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹ máa dé. Bí ẹ bá fagi lé e kí ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn tó pé, owó yín á padà. Èyí dára fún ẹni tó ń dá àjọ: ẹ lè fi $200 gba ọjọ́ tó dára, kí ẹ máa san ìyókù bí owó bá ṣe ń wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa yọjú sí ojú ìwé ẹ̀dínwó wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ẹ̀dínwó yàrá bá jáde fún ọjọ́ yín, wọn kì í dá a yọ fún yín fúnra wọn. Ẹ̀yin lẹ máa pè wọ́n kí wọ́n tún owó náà ṣe, ní kíákíá, nítorí yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un kì í pọ̀.