Ìtàn ẹranko tó ń fi olóṣèlú ṣẹ̀sín: ẹranko fún ẹnì kan, àbí fún ìwà?

Ẹni tó ń kọ eré ẹranko fún òṣèré ní Àkúrẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu: ṣé olóṣèlú kan pàtó ni Ìjàpá, àbí ọ̀kánjúwà lásán ló dúró fún? Owó aṣọ àti ìbòjú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ti ẹnì kan tètè ń pa òǹwòran lẹ́rìn-ín. Àmì méjì ti tó: bó ṣe ń gẹ fìlà, àti gbólóhùn kan tí kì í yé sọ níbi ìpolongo. Ẹ fi ìkẹta sí i, ó di èébú. Àmọ́ kì í tọ́jọ́. Ìbò kọjá, àwàdà ṣá. Animal Farm (1945), ìwé ìtàn ẹranko tí George Orwell kọ, gba ọ̀nà yìí: ẹlẹ́dẹ̀ méjì inú rẹ̀ dúró fún aṣáájú méjì ní ilẹ̀ Soviet, Napoleon ni Stalin, Snowball ni Trotsky, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ yé ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Stalin rí. Ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́.

Ti ìwà ń pẹ́, agbẹjọ́rò kì í sì í rí nǹkan dì mú nínú rẹ̀. Ó kàn lè rọ jù ni. Ẹ fún un ní ohun tí ojú ń rí: Ìjàpá ń pín ìrẹsì, kóńgò kan fún ìbò kan, ó sì ti ki àtàǹpàkò bọ inú kóńgò kó tó wọn ún.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹkùn o! Ọba la fi ń kì. Ẹ fi ṣe gómìnà ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, àwọn kan á ní Déjì tàbí Ọṣemàwé lẹ ń bá wí. Ìkookò kò léwu tó bẹ́ẹ̀.

Eré alẹ́ kan lásìkò ìbò, ti ẹnì kan ló yẹ ẹ́. Eré rédíò tàbí ìwé ọmọ ilé-ìwé, ẹ gba ti ìwà.