Ilé àmàlà kan ní Mọ́kọ́lá: ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó ya fótò

Iṣẹ́ fótò ni mò ń ṣe láti ọdún 1983, nítorí náà mi ò lè bá fótò ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé ilé àmàlà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ dákun, ẹ fi fóònù yín sápò. Àmàlà ibẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Mọ́kọ́lá ló wà, n'Íbàdàn níbí. Ẹ má wá pátákó kankan, kò ní. Tẹ́ ẹ bá ti yà sí àdúgbò yẹn, òórùn irú àti èéfín igi ni yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Páànù ni wọ́n fi bo òrùlé, wọ́n wá fi ẹyọ kan tó mọ́ gaara sáàárín, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ẹ fi páànù yẹn sọ́kàn, mo ṣì ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni àwa mẹ́ta máa ń lọ: èmi, Ẹnjiníà, àti Tísà. Ẹnjiníà kì í ṣe ẹnjiníà kankan o. Tẹlifíṣọ̀n àti rédíò ló fi nǹkan bí ogójì ọdún tún ṣe ní Dùgbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kángun sí tèmi. Tísà ti fẹ̀yìn tì. Ìṣirò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló máa ń bá wa ka ẹran.

Aago mọ́kànlá àbọ̀ ni kẹ́ ẹ dé. Ṣáájú ìgbà yẹn, gbẹ̀gìrì ò tíì délẹ̀. Lẹ́yìn aago kan, ẹ ó tò bí ẹni tò fún epo bẹntiróòlù, ẹ ó sì bá a pé ṣakí ti tán, kìkì pọ̀nmọ́ ló kù. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi fẹ́ràn aago mọ́kànlá àbọ̀ ni pé ìgbà yẹn ni Màmá fúnra wọn máa ń ro ìkòkò kejì, ojú ẹni á sì rí i.

Wọ́n á sọ ìkòkò kalẹ̀ kúrò lórí ààrò, omi inú rẹ̀ á ṣì máa hó. Wọ́n á jókòó sórí àpótí, wọ́n á fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ìkòkò mọ́ra. Wọn kì í da èlùbọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bẹ̀rù. Gbogbo igbá ni wọ́n ń dà á sí i lẹ́ẹ̀kan, èéfín funfun á sì bo ojú wọn. Ọmọrogùn yẹn ga tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n á máa fà á sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n á tẹ kókó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, wọ́n á tún fà á. Ẹ ó gbọ́ ọ: gbì, gbì, gbì, títí tí dídún yẹn á fi rọ̀, tí á wá máa dún bí ẹsẹ̀ tó ń yọ lẹ́rọ̀fọ̀. Wọ́n á bu omi gbígbóná lé e, wọ́n á dé e, wọ́n á gbé e padà sórí iná díẹ̀, wọ́n á tún rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Tẹ́ ẹ bá kí wọn nígbà yẹn, orí lásán ni wọ́n á mì sí yín. Kì í ṣe ìgbéraga.

Èlùbọ́ ìlú Ṣakí ni wọ́n ń lò, wọ́n sọ fún mi bẹ́ẹ̀, mo sì gbà, torí mo ti jẹ ìyókù. Iṣu tí wọ́n bó, tí wọ́n bọ̀ nínú omi gbígbóná, tí wọ́n fi sínú omi náà mọ́jú, tí wọ́n sá sóòrùn kó tó di lílọ̀, ó ní òórùn kan tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í gbàgbé. Láfún kò ní in. Mi ò bú láfún o.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti fótò. Nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, ọmọ Tísà obìnrin ti Èkó dé, bàbá rẹ̀ sì mú un tẹ̀ lé wa. Ọmọ dáadáa ni, ó kúnlẹ̀ kí wa. Bí wọ́n ṣe gbé abọ́ sílẹ̀ báyìí, ó ní, “Ẹ̀yin dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kàn án.” Ó ti abọ́ tèmi sún mọ́ ti bàbá rẹ̀. Ó gbé ike omi kúrò. Ó dìde dúró lórí bẹ́ńṣì, ó tẹ̀ ẹ́, ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún tẹ̀ ẹ́. Lójú mi báyìí, awọ bẹ̀rẹ̀ sí í bo àmàlà, gbẹ̀gìrì ń dì létí abọ́. Nígbà tó wá jókòó, tó bu òkèlè méjì, ó ní, “Ẹ̀ẹ́n, àmàlà yìí mà le díẹ̀.”

Etí Màmá ló bọ́ sí. Wọn ò tilẹ̀ yíjú. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, àmàlà tó o ti ń kí láti àárọ̀, ṣé kò ní le ni?”

Mo gba fóònù náà wò. Ohun tí mo mọ̀ pé màá bá níbẹ̀ gan-an ni mo bá. Dúdú ni àmàlà, kò sì sí kámẹ́rà tí kì í purọ́ níwájú ohun dúdú. Tó bá ti rí dúdú láàárín, á rò pé ibẹ̀ ló ṣókùnkùn, á wá fi ìmọ́lẹ̀ kún un. Ni àmàlà bá di eérú, gbẹ̀gìrì tó pọ́n rúsúrúsú bá funfun bí ògì, ewédú bá dà bí ewé tó ti rọ. Láyé ìgbà tá a fi ń lo fíìmù, a mọ èyí. Tí ìyàwó bá wọ aṣọ òkè dúdú wá, ńṣe la máa ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé kù. Fíìmù kan ò ju fótò 36 lọ nígbà náà, owó ẹni sì ni, owó tá a máa fi fọ̀ ọ́ sì tún wà lọ́tọ̀. Ta ni yóò wá gbé kámẹ́rà sórí gbẹ̀gìrì? Mo fi ìka kan ojú fóònù rẹ̀ níbi tí àmàlà wà, mo fà á wálẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè dín kù, àwọ̀ gbogbo sì padà bọ̀ sípò. Inú ọmọ náà dùn. Àmàlà tirẹ̀ ti di òkúta.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Gbẹ̀gìrì wọn ló ń mú mi lọ, kí n má parọ́. Ẹ̀wà rẹ̀ kúnná débi pé ahọ́n ò rí èèpo kankan mú, epo rẹ̀ ò sì pọ̀ jù. Ewédú ń yọ̀ dáadáa, ìjábẹ̀ ni wọ́n fi ń já a, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ọbẹ̀ ata ta ju bó ṣe yẹ lọ fún ẹni ọjọ́ orí mi, ṣùgbọ́n ẹnì kan ò rán mi sí i. Nínú ẹran, ògúnfe ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ̀dọ̀ wọn gbẹ bí epo igi, ọdún kẹta rèé tí mo ti ń wí i. Pọ̀nmọ́ ń kéré sí i. Tísà ní nínú oṣù Kìn-ín-ní, ó tó àtẹ́lẹwọ́ òun, ní báyìí ó ti di ọmọ ìka méjì, tó bá fi máa di Kérésìmesì, wọ́n á máa fi orúkọ rẹ̀ nìkan bu ọbẹ̀ fún wa. Àmàlà méjì, ògúnfe kan, ṣakí kan, ₦3,200 ni mo san lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kì í ṣe owó kékeré, ṣùgbọ́n mo yó dalẹ́.

Ará Èkìtì ni Tísà, lọ́kàn rẹ̀ iyán ló fẹ́. Kò sí Sátidé tí kò ní wí i pé, “Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn.” Ẹnjiníà á dáhùn pé, “A dúpẹ́. Àìsàn ló ń ṣe wá.” A ó tún rẹ́rìn-ín bíi pé a ò gbọ́ ọ rí.

Ó wá ku tẹlifíṣọ̀n. Ògiri ni wọ́n gbé e kọ́, lókè ibi tá a ti ń fọwọ́, bẹ́ ẹ bá sì ń fọwọ́, gbogbo ilé ló ń wo orí yín. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé abọ́ fẹ́ fíìmù Yorùbá. Màmá ti fi ọgbọ́n parí ìjà yẹn: wọ́n fi ọ̀rá wé rìmóòtù, wọ́n fi há ìdí ìró wọn. Ẹni tó bá láyà, kó lọ mú un níbẹ̀.

Ohun tó ń bí Ẹnjiníà nínú ni àwọ̀. Ẹnì kan ti tẹ nǹkan kan tó mú kí ojú gbogbo èèyàn inú tẹlifíṣọ̀n náà pọ́n bí epo pupa. Fún oṣù méjì, kò lè jẹun, ńṣe ló ń wò ó, tó ń kẹ́dùn. Níkẹyìn ó bẹ Màmá, ó gba rìmóòtù, ó tún un ṣe. Ẹ̀dá èèyàn padà di èèyàn, koríko pápá bọ́ọ̀lù padà di koríko. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn wa bá pariwo pé, “Ta ló mú tẹlifíṣọ̀n yìí ṣá báyìí?” Mo rò pé Ẹnjiníà máa sunkún ni.

Kò sì lè jókòó sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n kankan kó má sọ pé Ìbàdàn yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà àwa aláwọ̀ dúdú, pé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV l'Ágodi ni, láyé ìjọba Awólọ́wọ̀. Tísà, tó ti gbọ́ ọ nígbà ẹgbẹ̀rún, á bi í pé, “Ọjọ́ wo?” “31 Oṣù Kẹwàá.” “Ọdún wo?” “1959.” “O gba máàkì méjì.” Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ á wá dùn, torí a ó padà sí bá a ṣe ń kóra jọ sójú fèrèsé onílé kan ṣoṣo tó ní tẹlifíṣọ̀n ládùúgbò wa, tí Bàbá Sàlá á yọ jáde, tí onílé á ti ilẹ̀kùn mọ́ wa nígbà tí ẹ̀rín wa bá pọ̀ jù. Láti ìta, a ò gbọ́ ohùn dáadáa. Ẹ̀rín àwọn tó wà nínú ilé la fi ń mọ ìgbà tó yẹ ká rẹ́rìn-ín.

Tí NEPA bá mú iná, ẹnikẹ́ni ò ní dìde. Ilé á dákẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, ẹ ó máa gbọ́ ìró ẹnu àti ìró abọ́. Ìgbà yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀, ẹ̀bá fèrèsé ló sì wà, èéfín rẹ̀ á wọlé bá yín nídìí oúnjẹ. Ẹ má jókòó lọ́wọ́ òsì.

Ẹ mú owó dání pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kan mo ṣe tiransífà, báǹkì mi ti yọ owó, fóònù ilé àmàlà ò dún. Ọmọbìnrin tó ń gbowó ní kí n ṣe sùúrù. Mo ṣe sùúrù fún ogójì ìṣẹ́jú, èmi àgbàlagbà, lẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni jẹun tó fẹ́ sá. Màmá ló wá sọ fún un pé, “Jẹ́ kí Bàbá Onífótò máa lọ. Ibo ni wọ́n fẹ́ sá lọ, ṣé wọ́n máa gbé Dùgbẹ̀ lọ́wọ́ ni?” Owó náà wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Láti ìgbà yẹn, náírà lọ́wọ́ ni mo ń san.

Mo ní màá padà sórí páànù tó mọ́ gaara yẹn. Bí oòrùn bá kan àtàrí, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé tààrà, á bọ́ sórí èéfín ìkòkò, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Ó tó ọdún kan tí mo ti ń bẹ Màmá kí wọ́n jẹ́ kí n ya àwọn níbi tí wọ́n ti ń rokà. Wọ́n á ní, “Ṣé ẹ fẹ́ gbé mi sórí fèésìbúùkù ni?” Mo ṣèlérí pé orí bébà ni, wọ́n gbà. Mo gbé kámẹ́rà lọ, mo dúró títí èéfín fi pín sí méjì tí ojú wọn yọ láàárín, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo fọ̀ ọ́ tóbi, mo fi férémù sí i. Nínú gbogbo fótò tí mo ti yà láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò rò pé èyí tó dára tó o pọ̀.

Sátidé tó kọjá ni mo gbé e fún wọn. Wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ìró, wọ́n gbà á, wọ́n gbé e jìnnà sójú, wọ́n pe gbogbo àwọn ọmọbìnrin. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n wá bi mí pé, “Ìkòkò mi dà?”

Mo yọjú wò ó. Lóòótọ́, mo ti gé ìdajì ìkòkò náà sọnù nísàlẹ̀.

“Ojú mi ni àbí ìkòkò lẹ ń wá jẹ níbí?” Wọ́n dá férémù náà padà fún mi, wọ́n ní kí n tún un yà, kí n sì rí i pé ìkòkò àti ààrò pé síbẹ̀, torí àyè ti wà fún un nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹnjiníà ní òun á bá wọn kan ìṣó. Sátidé tó ń bọ̀, aago mọ́kànlá ni wọ́n dá fún mi. Kí n tó jẹun, ni wọ́n wí.