Píkọ́ọ̀pù tí ilé-iṣẹ́ ṣe àti èyí tí wọ́n gé lára mọ́tò àtijọ́: èwo ni kí ẹ rà ní Òṣogbo?

Bí ẹ bá ń wá píkọ́ọ̀pù àtijọ́ rà ní Òṣogbo, oríṣi méjì lẹ máa bá pàdé. Ọ̀kan ni èyí tí ilé-iṣẹ́ ṣe ní píkọ́ọ̀pù láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì ni sálúùnù tàbí wágọ́ọ̀nù tí panẹ́bítà àti jórinjórin gé lẹ́yìn, tí wọ́n wá fi irin ṣe ibi ẹrù sí i. Bí ẹ bá dúró níwájú àwọn méjèèjì, bọ́nẹ́ẹ̀tì kan náà ni, iná kan náà, dáṣíbọ́ọ̀dù kan náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń san owó ti ilé-iṣẹ́ sórí èyí tí wọ́n gé lábẹ́ igi. Abẹ́ mọ́tò lẹ ń rà, ẹ má jẹ́ kí iwájú rẹ̀ tàn yín.

Ẹ jẹ́ ká fi 504 wò ó

Peugeot 504 ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ dáadáa. Láti 1975 ni ilé-iṣẹ́ tó wà ní Kaduna ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot, mẹkáníìkì tó bá sì dàgbà díẹ̀ ní ìlú wa yìí lè fi ojú dídì tú u. Ní ilẹ̀ Faransé, 1968 ni sálúùnù rẹ̀ jáde, píkọ́ọ̀pù rẹ̀ kò dé títí di 1979. Kì í ṣe pé wọ́n kàn gé búùtù dànù. Wọ́n na mọ́tò náà gùn: láti àárín táyà iwájú sí àárín ti ẹ̀yìn jẹ́ mítà 2.74 lára sálúùnù, 2.90 lára wágọ́ọ̀nù, ó sì tó nǹkan bíi mítà 3 lára píkọ́ọ̀pù. Wọ́n yọ sípíríǹgì tó lọ́ roboto kúrò lẹ́yìn, wọ́n fi oníirin pẹlẹbẹ, èyí tó tò lé ara wọn bíi ti lọ́rì, rọ́pò rẹ̀, lórí ásùlì kan gbọọrọ, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ìyẹn ló fi ń gbé ju tọ́ọ̀nù kan lọ. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ 20 àpò sìmẹ́ńtì.

Ọ̀pọ̀ 504 sálúùnù kò ní irú ásùlì yẹn. Táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ló ń dá fò tirẹ̀, ohun tó sì jẹ́ kí ìjókòó rẹ̀ tuni lára lójú ọ̀nà burúkú nìyẹn. Èèyàn 5 àti ẹrù wọn ni wọ́n ṣe é fún. Bí ẹ bá gé e, tí ẹ wá di iṣu láti Ìkìrun kún un, ìdí rẹ̀ á lọ sílẹ̀, táyà ẹ̀yìn á yà sóde nísàlẹ̀, yóò sì máa jẹ ní ẹ̀gbẹ́ inú. Àwọn kan máa ń fi sípíríǹgì mìíràn há àárín rẹ̀ kó lè ga. Ó ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lágbára sí i.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n gé lẹ fẹ́, wágọ́ọ̀nù ni kí ẹ wá. Ó gùn ju sálúùnù lọ, ó ní ásùlì gbọọrọ lẹ́yìn, wọ́n sì ti ṣe é fún ẹrù tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ayùn gbà kọjá

Ọ̀rọ̀ wà níbí, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á. Mọ́tò bíi 504 kò ní ṣáásì, egungun irin, tó dá dúró lábẹ́. Òrùlé, òpó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀ àti búùtù ló di ara wọn mú. Ẹni tó bá gé òrùlé kúrò lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀ ti ṣe é bíi páálí tí wọ́n ya ìdérí rẹ̀: bí ọwọ́ bá ti kàn án, yóò máa yí.

Jórinjórin tó mọ iṣẹ́ máa ń dá agbára yẹn padà. Yóò gbé páìpù onígun mẹ́rin gba abẹ́, láti ìsàlẹ̀ ìjókòó iwájú títí dé ibi ásùlì, lọ́tùn-ún àti lósì. Yóò fi irin dábùú láàárín wọn, yóò sì fi ògiri irin dí ẹ̀yìn ìjókòó láti ilẹ̀ dé òrùlé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á kàn lẹ páànù mọ́ ọn, á fi pọ́tì dí ojú rẹ̀, á sì kùn ún. Àwọn méjèèjì á máa dán lójú oòrùn.

Bí ẹni tó ń tà á bá ní, "Bùrọ̀dá, ilé-iṣẹ́ ló ṣe é o," ẹ dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi jáàkì gbé e." Ẹ tẹ́ páálí sílẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ojú jíjó tó dára máa ń lọ gbọọrọ láìjá. Bó bá jẹ́ tó-tó-tó ni wọ́n kàn jó o káàkiri, ẹ dìde. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà àtijọ́, kí ẹ fi rá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lọ sí òkè. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì ló wà níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò gba irinṣẹ́ kankan. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, kí ẹ tì wọ́n, kí ẹ sì wo àlàfo etí wọn. Ẹ wá ní kí wọ́n kó àpò sìmẹ́ńtì 6 sẹ́yìn. Ẹ tún ṣí ilẹ̀kùn. Bó bá ń fa ilẹ̀, tàbí tó di dandan kí ẹ gbé e sókè kó tó tì, mọ́tò náà ti ń ṣẹ́ láàárín. Ti ilé-iṣẹ́ kò ní mọ̀ pé ẹ gbé nǹkan kan sẹ́yìn òun.

Gígé kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀

Àwọn ilé-iṣẹ́ náà, ara mọ́tò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ní Ọsirélíà, ìyàwó àgbẹ̀ kan kọ lẹ́tà sí Ford pé àwọn fẹ́ mọ́tò tó lè gbé àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, kó sì gbé ẹlẹ́dẹ̀ lọ sọ́jà lọ́jọ́ Monday. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lew Bandt ló yà á, ó sì jáde ní 1934. Ní Amẹ́ríkà, Ford gbé Ranchero, píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe láti ara mọ́tò, jáde ní 1957, Chevrolet fi irú tirẹ̀, El Camino, dá a lóhùn ní 1959. Nígbà tí Volkswagen sọ Golf di píkọ́ọ̀pù, èyí tí a mọ̀ sí Caddy, wọ́n nà án gùn, wọ́n sì fi sípíríǹgì pẹlẹbẹ sí i lẹ́yìn. Ohun kan náà tí Peugeot ṣe. Ẹni tó bá ń gé mọ́tò lágbàlá rẹ̀, ibẹ̀ ni kó ti kọ́ ọgbọ́n.

Volkswagen Ìjàpá ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀, ó máa ń rẹwà bí wọ́n bá gé e dáadáa, ó tilẹ̀ ní ilẹ̀ irin tó dá dúró lábẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, atẹ́gùn ló sì ń tù ú. Ibi ẹrù á ga, àyè á kéré, bí ẹ bá sì dí ojú atẹ́gùn rẹ̀, yóò gbóná kọjá ààlà. Ẹ rà á fún ẹwà.

Bíréékì, òjò, àti ìwé

Mọ́tò tí wọ́n gé máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn bí kò bá rù. Bí ẹ bá tẹ bíréékì lójijì nínú òjò, táyà ẹ̀yìn lè há, kí ìdí rẹ̀ sì fẹ́ ṣíwájú yín. Ẹ dán an wò ní òfìfo, lójú ọ̀nà tó dá, kí ẹ tó ra á. Ẹ da omi sí gíláàsì ẹ̀yìn, kí ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ inú bóyá omi wọlé.

Ní ti páàtì, ti iwájú àwọn méjèèjì kò ṣòro láti rí rárá. Wàhálà ti ilé-iṣẹ́ ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, iná ẹ̀yìn àti gíláàsì tirẹ̀, tó ṣòro díẹ̀ láti rí. Ti jórinjórin, ẹni tó ṣe é lẹ máa dá a padà fún.

Bó bá jẹ́ pé ẹ máa ń kó sìmẹ́ńtì, pákó tàbí iṣu lójoojúmọ́, ti ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ rà, kódà bó wọ́n tí kò sì dán. Bó bá jẹ́ aṣọ àdìrẹ, àga díẹ̀, tàbí ẹrù ṣọ́ọ̀bù láti Òkè-Fíà sí ọjà Ìgbọ̀nà, wágọ́ọ̀nù tí wọ́n gé dáadáa tó yín, ẹ ó sì rí owó fi ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ẹ ka ìwé rẹ̀ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Nọ́ńbà ṣáásì inú ìwé gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lára irin mu, pàápàá lára èyí tí wọ́n gé, torí àwọn mìíràn pa mọ́tò méjì pọ̀. Bí ìwé bá ṣì ń pè é ní sálúùnù, kí ẹni tó ń tà á bá yín dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀ lọ tún un ṣe. Ẹ san ìyókù owó níbẹ̀.