Ẹ̀rọ èéfín tí mo rà ní Àkúrẹ́, àti americium tí ó wà nínú rẹ̀

Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí mo ra ẹ̀rọ tí ń ta ará ilé lólobó èéfín ní ṣọ́ọ̀bù kan ní títì Ọba Adésidà, níhìn-ín ní Àkúrẹ́. Funfun ni, kò tóbi ju ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ lọ, owó rẹ̀ kò sì tó ti fáànù orí tábìlì. Bátìrì kékeré onígun mẹ́rin kan ni ó ń lò, nítorí náà bí wọ́n bá mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kò kàn án.

Nígbà tí mo dojú rẹ̀ dé, mo rí àkọlé wínníwínní kan lẹ́yìn rẹ̀: Am-241. Ẹni tí ó tà á fún mi ní nọ́ńbà ọjà lásán ni, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Americium ni, mẹ́táàlì tí ó funfun bí fàdákà, tí kò dà bí ọ̀dà Agbábù tí ń sun jáde láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀: ènìyàn ni ó ṣe é. Glenn Seaborg, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, láti ara plutonium, mẹ́táàlì mìíràn tí ń tú ìtànṣán jáde, ní ọdún 1944. Bí a bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, èyí tí ó wà nínú ẹ̀rọ mi kò tó ìpín kan. Ìtànṣán alpha rẹ̀, ìyẹn àwọn horo wínníwínní tí ó ń ta jáde láti ara rẹ̀, ni ó ń jẹ́ kí iná mànàmáná díẹ̀ máa gba inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kọjá. Bí èéfín bá ti wọlé, iná náà á dín kù, ẹ̀rọ á sì figbe ta. Ó tó nǹkan bí ọdún 432 kí ìdajì rẹ̀ tó yí padà di neptunium, tí òun náà jẹ́ mẹ́táàlì, bátìrì ni yóò máa kú.

Ó yá létí jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyàwó mi ti fi aṣọ bò ó nítorí dòdò, àfìgbà tí a ṣí i kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Iná tí ń jó wòwò ni ó tètè ń gbọ́. Ti tìmùtìmù tí ń jó lábẹ́lẹ̀, irú ẹ̀rọ tí ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣọ́ èéfín sàn jù ú lọ.

Ohun tí ó dùn mí ni pé kò sí ìwé kankan nínú páálí tí ó sọ bí a ó ṣe sọ ọ́ nù. Bébà lásán tó láti dá ìtànṣán alpha dúró, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fa americium símú tàbí tí ó gbé e mì, inú eegun àti ẹ̀dọ̀ ni yóò lọ jókòó sí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni a ti ń sun pàǹtí ní àdúgbò wa. Mo ti fi báírò kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà: Ẹ má tú u, ẹ má sun ún.