Ẹ̀rọ TENS àti EMS alátẹ̀mára: ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ àti ibi tí kò ti lè ṣe nǹkan kan

Ẹ̀rọ kékeré tí à ń yẹ̀ wò yìí ni irú èyí tó ń lo bátìrì 9V, tó ní wáyà méjì àti páàdì mẹ́rin tó ń gbé iná mànàmáná díẹ̀ wọ ara. Ọ̀nà méjì ló ń gbà ṣiṣẹ́: TENS àti EMS. TENS rẹ̀ wà fún ìrora, EMS rẹ̀ sì wà fún mímú iṣan ẹran lágbára. Ẹ̀rọ gidi ni. Ìwé ìlò rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó: ó ní kí a lẹ páàdì mọ́ ẹran, kí a sì yí iná sókè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, nítorí iná yìí kì í jí ẹran fúnra rẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára (nerve) tó wọ inú ẹran ló ń jí.

Iná tó lè jí iṣan ìmọ̀lára kéré gan-an sí èyí tí okùn ẹran ń fẹ́. Bí iná bá ti ta á, iṣan yẹn á tú acetylcholine, èròjà tó ń jíṣẹ́ fún ẹran, sára ẹran, kálísíọ́ọ̀mù á tú jáde nínú okùn ẹran, myosin á di actin mú (èròjà inú okùn ẹran ni méjèèjì), á fà á, ẹran á sì sún kì. Nítorí náà, bí iṣan ìmọ̀lára bá ti já pátápátá, asán ni ẹ̀rọ yìí: ìta iná rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kì í sábà gùn ju 400 µs lọ (µs kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá), irú ẹran bẹ́ẹ̀ sì ń fẹ́ èyí tó ju 10 ms lọ, ìyẹn 10,000 µs. Ti àrùn rọpárọsẹ̀ yàtọ̀. Ọpọlọ ló ní ìpalára níbẹ̀. Iṣan láti ọ̀pá ẹ̀yìn dé ẹran ṣì wà láàyè, ẹ̀rọ náà sì lè mú ẹran fún pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú itan. Páàdì 5 cm × 5 cm kan á wà níbi tí ẹran ti wú lókè orúnkún lápá inú, ìkejì á wà lókè itan lápá òde. Ẹ gbé Hz (iye ìgbà tí iná ń ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) sí 35 sí 50, ẹ gbé µs (bí ìta kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó) sí 300. Kí iná tàn fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kó sinmi fún 50, kó sì máa fi ìṣẹ́jú àáyá 2 gòkè díẹ̀díẹ̀. Ìfúnpọ̀ 10 sí 15 ti tó. Ẹ jókòó, kí ẹsẹ̀ má lè nà, kí ẹ̀yin náà sì máa fún itan bí iná ṣe ń dé. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ló kàn ń ṣe yín bíi kí èèrùn máa jẹ yín, tí ẹran kò sì mira, ẹ pa iná, ẹ sún páàdì ní 1 tàbí 2 cm. Ẹ má ṣe tètè yí iná sókè.

Ètò tí wọ́n ti tò sínú ẹ̀rọ náà kò tẹ́ni lọ́rùn: ìṣẹ́jú àáyá 5 ní títàn, 5 ní ìsinmi. Nígbà tí ọpọlọ bá pàṣẹ, àwọn okùn kéékèèké ló ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, àwọn ńlá á dara pọ̀ bí ẹrù bá wúwo, wọ́n sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Iná kò mọ ìyẹn. Àwọn kan náà tó wà nítòsí páàdì ló ń jí lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí àyípadà, ló fi jẹ́ pé ẹran tètè ń rẹ̀, tí ìsinmi 5 yẹn kò sì tó.

TENS rẹ̀ dára jù. Ẹ lo 80 sí 100 Hz, 50 sí 100 µs, kí páàdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ibi tó ń dunni, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí ó lágbára lára, ṣùgbọ́n kí ẹran má fún. Melzack àti Wall, àwọn onímọ̀ tó ṣèwádìí nípa ìrora, ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1965: àwọn iṣan ńlá tó ń gbé ìfọwọ́kàn ló ń dí ọ̀nà mọ́ ìrora nínú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ìrora lè padà tí a bá pa á, nítorí kò wo ohun tó fà á sàn.

Páàdì ló kọ́kọ́ máa ń bàjẹ́. Bí òróró bá wà lára, tàbí tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ bá gbẹ, ibi tó lẹ̀ á kéré, gbogbo iná á sì gba ojú kan, á máa jó awọ ara. Ẹ fi ọṣẹ àti omi wẹ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ má sì di wáyà mú fà á já.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ amọ́kànṣiṣẹ́ nínú àyà kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ẹ má ṣe lẹ̀ ẹ́ sí iwájú ọrùn, orí, ikùn aboyún, ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí, tàbí kí iná gba àyà kọjá.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wò ó bóyá ẹ lè fọwọ́ ara yín yí µs àti àkókò ìsinmi padà. Èyí tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, TENS nìkan ló wúlò fún.