Patara, Çıralı tàbí Kabak: èwo nínú etíkun mẹ́ta tó dákẹ́ yìí ló yẹ kí ẹ náwó lé?

Kí ẹ tó sanwó fún etíkun tí wọ́n ní ó dákẹ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó mú un dákẹ́. Bó bá jẹ́ pé èèyàn ò tíì mọ̀ ọ́n ni, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n. Ẹ wo Kaputaş ní Tọ́kì, láàárín Kalkan àti Kaş: etíkun kékeré láàárín àpáta méjì, omi rẹ̀ mọ́ lóló, àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ dé ibẹ̀ láti etí títì. Fọ́tò ti gbé e kiri ayé. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ lọ́sàn-án nínú oṣù keje, agbára káká lẹ fi máa rí ibi tí ẹ máa tẹ́ aṣọ ìnura yín sí.

Etíkun tí òfin ń ṣọ́, tàbí tí ọ̀nà rẹ̀ le, ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ máa ń tọ́jọ́. Mẹ́ta irú rẹ̀ wà létí Òkun Mẹditaréníà ní ilẹ̀ tí ayé àtijọ́ ń pè ní Líkíà, láàárín Fethiye àti Antalya. Gbogbo wọn ló lẹ́wà. Ohun tí kálukú wọn máa gbà lọ́wọ́ yín ló yàtọ̀.

Patara: yanrìn ńlá, ibòji kékeré

Ìwọ̀n kìlómítà 18 ni wọ́n sábà máa ń pe gígùn etíkun yìí, yanrìn ni láti orí dé ìdí, kò sì sí òtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ohun méjì ló fà á. Àkọ́kọ́ ni àwókù ìlú àtijọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ìjọba ń dáàbò bò. Ẹni tó bá ti ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 21 ti bá orúkọ Patara pàdé: ibẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti rí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ sí Tírè. Èbúté yẹn ti di irà àti yanrìn báyìí. Ibẹ̀ náà ni ìtàn ìjọ ní wọ́n ti bí Nicholas Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù Mira, ẹni tí Bàbá Kérésì ti ara rẹ̀ wá. Ìkejì ni ìjàpá òkun tí wọ́n ń pè ní caretta, tó máa ń gun yanrìn wá yé ẹyin lóru ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí wọn, wọn kì í jẹ́ kí èèyàn wà létíkun lálẹ́.

Ẹnubodè ìlú àtijọ́ lẹ máa gbà wọlé, ẹ ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Bí ẹ bá rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kúrò níbi tí wọ́n ti ń yá agboòrùn, ẹ̀yin nìkan lẹ máa kù. Àmọ́ kò sí igi, yanrìn a máa jóni lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án, atẹ́gùn a sì máa le ní ìrọ̀lẹ́. Omi rẹ̀ kì í tètè jìn, ìyẹn ló ṣe dára fún ọmọdé lọ́jọ́ tí ìgbì bá rọ̀. Abúlé Gelemiş lẹ máa sùn, ní ilé àlejò kéékèèké tí ìdílé ń bójú tó, ọkọ̀ dolmuş, tó dà bíi dáńfó wa, ló sì máa ń gbé èèyàn lọ sétíkun.

Ẹ ṣọ́ra fún ìpolówó tó ní “nítòsí Patara”. Lọ́pọ̀ ìgbà, Kalkan ni òtẹ́ẹ̀lì náà wà, ojoojúmọ́ lẹ ó sì máa wọkọ̀.

Çıralı: yàrá nínú ọgbà ọsàn

Kìlómítà mẹ́ta àti díẹ̀ ni èyí. Òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú yanrìn rẹ̀, nítorí náà ẹ mú bàtà omi dání, omi rẹ̀ sì tètè ń jìn. Síbẹ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù fún àwọn òbí wa tó ti dàgbà: ilẹ̀ tẹ́jú, láti ẹnu ọ̀nà yàrá sí etí omi ò ju ìrìn díẹ̀ lọ, kò sì sí ilé gogoro kankan. Ìjàpá òkun ń yé síbí náà. Wọ́n máa ń fi irin bo ìtẹ́ wọn, wọ́n sì ń dín iná kù lálẹ́.

Àwókù ìlú àtijọ́ Olympos wà ní ìparí etíkun náà lápá gúúsù. Ní apá kejì, lórí òkè, ni Yanartaş wà, níbi tí gáàsì inú ilẹ̀ ti ń jó láàárín òkúta láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Alẹ́ ni kí ẹ gùn ún, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Iná tó ń jó láìsí igi, láìsí ẹni tó dá a, ohun tó yẹ kéèyàn rí ni.

Ẹ má fi Çıralı àti abúlé Olympos pe ara wọn nígbà tí ẹ bá ń sanwó. Inú àwókù tí wọ́n ń gba owó ìwọlé ni àwọn tó bá sùn ní Olympos ń gbà kọjá sí etíkun, ibẹ̀ sì jẹ́ ibùdó ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn orin àti àríyá. Ariwo tí ẹ sá fún lẹ ó lọ bá.

Kabak

Ẹsẹ̀ yín ni owó ibí yìí. Ó wà nísàlẹ̀ àfonífojì kan lẹ́yìn Ölüdeniz àti Faralya, ẹ ó sì sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà tó dagun, tàbí kí ẹ wọ jíìpù. Ọ̀nà ìrìn Líkíà, tó gùn ju kìlómítà 500 lọ tí wọ́n sì ṣí ní 1999, gba ibẹ̀ kọjá. Láti inú àgọ́ dé ilé onígi olówó ńlá, gbogbo rẹ̀ ló wà, ọ̀pọ̀ ló sì ń ka oúnjẹ mọ́ owó yàrá. N kò ní gba ẹni tí orúnkún ń dùn nímọ̀ràn láti lọ.

Owó àti àsìkò

Oṣù karùn-ún, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ló dára jù. Ẹ bèèrè bóyá líírà, owó Tọ́kì, tàbí yúrò ni iye tí wọ́n kọ, nítorí líírà ti ń já wálẹ̀ láti ọdún mélòó kan. Àwọn tó ní páásípọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì lè wọ Tọ́kì láìsí físà fún 90 ọjọ́. Ẹni tó ń lo ti Nàìjíríà ní láti gba físà, ẹ parí ìyẹn kí ẹ tó san owó ilé.

Dalaman ni pápákọ̀ òfurufú Patara àti Kabak, Antalya ni ti Çıralı. Bí owó bá wà fún ibi méjì, ẹ wọlé ní Dalaman, ẹ sùn ní Gelemiş, kí ẹ tó lọ sí Çıralı, kí ẹ sì bá Antalya jáde. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Antalya ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan gba orí òkè, ìkejì gba etí òkun. “Sahil”, ìyẹn etí òkun, ni kí ẹ sọ fún ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kó lè já yín sí oríta Çıralı. Ọkọ̀ kékeré ló máa gbé yín sọ̀ kalẹ̀ ní kìlómítà méje tó kù.