Lyman Tàbí Lee: Ìwé Wo Ni Kí Ẹni Tí Ń Fi Òjé Dídà Ṣe Ọta Ìbọn Àtijọ́ Kọ́kọ́ Rà?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí Ògúnlọlá ọdẹ tẹ̀ dó, kò ṣòro láti rí ẹni tí ó mọ bí a ti ń yọ́ òjé, ṣùgbọ́n ọta ṣakabùlà yàtọ̀ pátápátá sí ọta ìbọn alákátíríìjì, èyí tí a ti di ọta àti ẹtù rẹ̀ pọ̀ sínú kóró kan. Òfin ìbọn ọdún 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni dédé máa ṣe ọta nílé wa níhìn-ín. Nítorí náà, àwọn ọmọ ìlú wa tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, níbi tí òfin ti fàyè gba iṣẹ́ ọwọ́ yìí, ni mo kọ ìfiwéra ìwé méjì yìí fún, ti Lyman àti ti Lee, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà méjì tí ń ṣe irinṣẹ́ ọta.

Ìwé Lyman, Cast Bullet Handbook, tí àtẹ̀jáde rẹ̀ kẹrin jáde ní 2010, dá lórí òjé dídà nìkan. Ó ń sọ irú àdàlù tí wọ́n fi dán ọta wò, bíi àdàlù nọ́ńbà 2 tí ó gbajúmọ̀: òjé 90 nínú 100, tíìnì 5, áńtímónì 5 (irin méjì tí ń mú òjé le). Ohun tí ó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ jù ni pé kì í fi ojú kan náà wo gbogbo ìbọn tí ń lo kátíríìjì kan náà. Ọdún 1873 ni kátíríìjì .45-70 bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìbọn Springfield tí ìdí ọ̀pá rẹ̀, níbi tí ẹtù ti ń bú, kò lè gba agbára púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìbọn bíi Ruger dé, tí wọ́n le ju ìyẹn lọ fíìfíì. Lyman ya ìwọ̀n ẹtù wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tí ó bá sì gbé ti Ruger fún Springfield ń fi ojú ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Ìwé Modern Reloading tí Richard Lee kọ gbòòrò ju ti Lyman lọ ní ti iye kátíríìjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe ẹtù ni wọ́n ti kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwọ̀n inú rẹ̀ jọ. Àlàyé rẹ̀ lórí líle òjé dára gan-an: bí agbára tí ẹtù fi ń ti ọta bá ju ohun tí òjé náà lè gbà lọ, ọta kò ní lọ tààrà. Ṣùgbọ́n ó ń polówó irinṣẹ́ tirẹ̀ bí oníṣègùn inú mọ́tò Ìbàdàn.

Fún ẹni tí ó ní ìbọn àtijọ́ kan ṣoṣo, Lyman ni mo fara mọ́. Lee lè tẹ̀ lé e bí ìbọn bá pọ̀ sí i. Kò sí èyí tí yóò wọn ọ̀pá ìbọn yín fún yín nínú méjèèjì. Fífẹ̀ inú ọ̀pá àwọn ìbọn .303 àtijọ́, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá wa gbé láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kò dọ́gba rárá, ọta òjé sì sábà máa ń nílò láti fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ.

Ẹ má sì gba ojú ìwé kan tí wọ́n yà ní fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp dípò odidi ìwé. Ẹtù IMR 4831 àti H4831 ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà, wọn kì í ṣe ẹtù kan náà, fọ́tò náà sì lè má gbé ju nọ́ńbà lọ.